Mo ti lé ní 70 ọdún, mo fẹ́ máa tẹ ìwé mi jáde fúnra mi, ẹ là mí lọ́yẹ̀ jàre

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Ọmọ ọmọ mi ló forúkọ mi sílẹ̀ síbí, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì ohùn lórí fóònù, tí ẹ bá rí àṣìṣe ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú fò ó. Tíṣà Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Láyé ọjọ́un mo kọ ìwé ìtàn méjì, ọ̀kan jáde ní 1984, ìkejì ní 1989, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ló gbé wọn jáde, wọ́n fún mi lówó lẹ́ẹ̀mejì péré, lẹ́yìn ìyẹn mo kọ lẹ́tà títí mi ò rí èsì, ìgbà tí mo wá fẹsẹ̀ ara mi lọ, wọ́n ti ń ta táìlì nínú ilé ọ̀hún.

Ní 2016 mo ní kí n ṣe ti ara mi. Mo mú lára owó gíráṣúítì, mo tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, gbogbo ibi tí mo fi ẹ́ àti ọ̀ sí, àpótí kéékèèké ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi bíríkì dí ẹnu ọ̀rọ̀. Atẹ̀wé ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. A ṣe lọ́ọ̀ńṣìn náà bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn náwó fún mi, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san, wọ́n gbé ìwé lọ, mi ò sì rò pé èèyàn 10 kà á nínú wọn. Ìyókù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò. Lóṣù tó kọjá ni mo fa páálí kan jáde, mo gbé e, ó fúyẹ́. Mo ṣí i. Ikán ti jẹ inú ìwé tán, ó ku káfà nìkan, wọ́n ṣì tò rèǹtèrente bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Ní báyìí mo ti kọ òmíràn, nóòtù márùn-ún ni mo fọwọ́ kọ ọ́ sí. Ìtàn ìdílé kan tó kúrò ní Tamale ni, ní 1969 tí ìjọba Busia lé àwa àjèjì kúrò ní Ghana, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ká fi palẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún 16 ni mí, mo wà nínú lọ́rì náà. Mo fẹ́ kó jáde lójú mi. Ọ̀gbẹ́ni kan ti wá pè mí pé tí n bá lè san 350,000 náírà, òun á gbé e sórí Amazon, gbogbo ayé á rà á. Ṣé kí n san án? Àti pé báwo ni àgbàlagbà bíi tèmi ṣe ń rí ẹni tó máa ka ìwé òun láyé fóònù yìí? Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn, pé láti 1984 mi ò tíì mọ ẹni tó ń kà mí.

Ọmọ Ajílété:
Bàbá ẹ má san kọ́bọ̀ o!!! Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé ìwé sórí Amazon, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ bi í léèrè pé àkáǹtì ta ni owó á máa wọ̀, àti ta ló máa mọ password ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa yí padà. Ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó ṣiṣẹ́, ó ti jèrè tiẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ìwé tà o bí kò tà o, kò kàn án mọ́.

Ìyá Dáre, Manchester:
Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ni mí o, òkè òkun ni mo ń gbé. Mo ti gbé ìwé ọmọdé kan síbẹ̀ rí, ti Gẹ̀ẹ́sì, KDP ni wọ́n ń pe ẹ̀ka yẹn. Òótọ́ ni Ọmọ Ajílété sọ, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí owó ṣe ń rìn kí wọ́n má bàa fi ẹnu dídùn tàn yín. Ìwé orí fóònù tí iye rẹ̀ bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, ẹ lè mú ìdá 70 nínú 100, tí kò bá sí láàárín yẹn ìdá 35 ni. Ìdá 70 yẹn náà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló wà fún, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, ẹni tó bá rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdá 35 ni wọ́n máa fi ṣírò tiẹ̀ fún yín. Ó tún ku owó orí. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn lórí owó orí, nítorí náà ìdá 30 ni wọ́n máa yọ nínú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá rà kó tó dé ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ hádì kọ́pì lẹ fẹ́, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ ní Nàìjíríà, owó tí ẹ máa fi kó o wálé lè ju owó ìwé fúnra ẹ̀ lọ.

Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé nígbà tí mo wo àwọn èdè tí wọ́n ń gbà, mo rí Afrikaans, mi ò rí Yorùbá. Tí ẹ bá lọ gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú irọ́ pé èdè mìíràn ni, wọ́n lè yọ ọ́ nígbàkúùgbà. Tí ẹ bá ní ẹni tó máa tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ iwájú, ìgbà yẹn ẹ padà wá bá mi. Fún ti Yorùbá, ibẹ̀ kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣé o. Mo ti pe ọ̀gbẹ́ni náà, mo bi í ní password. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun á pè mí padà. Ọjọ́ mẹ́ta rèé.

Ọmọ Ajílété:
😂😂 kò ní pè yín mọ́

Atẹ̀wé Tàkíé:
Bàbá, ẹ foríji àwa atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ ló lẹ̀bi. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ torí ó máa tún ṣẹlẹ̀ tẹ́ ò bá mọ ìdí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. á ní tiẹ̀, ẹ ní tiẹ̀, ọ ní tiẹ̀, ṣ náà ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní o! Ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, wọ́n á wá gbé àmì gùn ún lórí, nǹkan méjì ni. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gun ara wọn yìí, ó lè ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lè gbé àpótí síbẹ̀ bíi tiyín. Láyé àtijọ́ àwa fúnra wa máa ń lo àwọn fọ́ǹtì kan tí wọ́n gba ààyè lẹ́tà mìíràn fún ẹ àti ọ, ó ń jáde dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tiwa, ẹ gbé fáìlì yẹn dé ibòmíràn ó di àdììtú.

Ẹ ní kí ẹni tó bá máa tò ó fún yín lo Charis SIL tàbí Gentium tàbí Noto, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kó sì fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, kó má fi Word ránṣẹ́ o, torí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání bí aláàárù. Kẹ́ ẹ tó wá fún atẹ̀wé kankan ní kọ́bọ̀, tó fi mọ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ fún un ní ìlà kan kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lójú yín: «Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́nu Ọ̀ṣọ́.» Tó bá jáde tónítóní, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ owó. Tí kò bá jáde, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹgbẹ̀rún kan yẹn pọ̀ jù bàbá. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ìwé, ló ń sún èèyàn débẹ̀, torí owó pléètì kan náà lẹ máa san bẹ́ ẹ tẹ 100 bẹ́ ẹ tẹ 1000. DI ti wà báyìí, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà látinú kọ̀ǹpútà, ẹ lè tẹ 50, kẹ́ ẹ tà á tán, kẹ́ ẹ tún padà wá. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa wọ́n ju ti pléètì lọ o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ẹ ò ní fi sílẹ̀ fún ikán. Lọ́jọ́ tó bá wá pọ̀ tó èyí tẹ́ ẹ máa lo pléètì fún, ẹ jẹ́ kí iye ojú ìwé yín jẹ́ ohun tí 16 lè pín, torí abala pépà kan tí wọ́n bá tẹ̀ tí wọ́n sì ká, ojú ìwé 16 ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá gbé ojú ìwé 193 wá, ó máa san owó pépà tí kò ní nǹkan kan lójú.

Tíṣà Kékeré, Ọ̀yọ́:
Sà, mo lè bá yín tẹ ọ̀kan nínú nóòtù yẹn sórí kọ̀ǹpútà, ìsinmi ti fẹ́ dé. Àmọ́ mo fẹ́ béèrè, àkọtọ́ wo lẹ fi kọ ọ́? Mo rí àgbàlagbà kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí tó ṣì ń kọ aiye, enia àti nwọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ wọn ní àkọtọ́ 1974! Ayé, ènìyàn, wọ́n, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì bàbá mi ní Tamale ni mo ti kọ́ Yorùbá kíkà, kò sí ìwé Yorùbá mìíràn nílé wa níbẹ̀, tí mo bá ń yára kọ̀wé ọwọ́ mi máa ń padà sí nwọn láìjẹ́ pé mo rán an. Tí o bá rí i, tún un ṣe, má ṣe jẹ́ kí n mọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Sábó:
Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yìí, ṣé ó pọn dandan báyìí? Àwa kì í fi sí i lórí WhatsApp a sì ń gbọ́ ara wa yé, á dín wàhálà kù fún bàbá, á tún dín owó tẹ́ ẹ máa san fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kù

Tíṣà Kékeré, Ọ̀yọ́:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ ka èyí: «Obinrin naa fi oko re sile ni Tamale.» Ṣé ọkọ ẹ̀ ló fi sílẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ ẹ̀, àbí oko ẹ̀, àbí ọkọ́ tó fi ń roko? Nínú ìtàn 1969, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé ṣe.

Bọ̀ọ̀dá Sábó:
😅 ó ti yé mi o jàre, ẹ fi àmì sí i

Àǹtí Láíbìrì:
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ sọ ti ìwé ẹ̀rí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń náwó òfo. ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, National Library of Nigeria ló ń fún èèyàn níbí, ẹ lè béèrè fún un lórí ayélujára, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba ọwọ́ agbódegbà. Nọ́ńbà 13 ni, 978 ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ti Nàìjíríà á tún fi 978 kejì tẹ̀ lé e, ìyẹn ni ẹ ṣe máa ń rí 978-978 lẹ́yìn ìwé wa. Hádì kọ́pì gba tiẹ̀, èyí tó wà lórí fóònù náà gba tiẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kàn tún kan náà tẹ̀ láìyí nǹkan kan padà, nọ́ńbà àtijọ́ náà ni. Tí ìwé bá sì ti jáde, òfin National Library ti 1970 ní kí ẹni tó gbé e jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe é sà, tí ikán bá jẹ tilé, ti láíbìrì á wà.

Àwọn ìwé méjì àkọ́kọ́ yẹn ń kọ́? Ẹ wá àgírímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ buwọ́ lù. Ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì ló ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tí ìwé bá ti tán lọ́jà tí wọn ò tún un tẹ̀, òǹkọ̀wé lè kọ lẹ́tà kó gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ padà. Pé wọ́n ń ta táìlì níbẹ̀ báyìí ò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ti padà sọ́wọ́ yín fúnra ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, Copyright Act 2022, fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó tún fi 70 ọdún kún un fún àwọn tó bá fi sílẹ̀. Ohun ìní ni. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ilé àti ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìwé ìhágún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G:
Ẹ káalẹ́ sà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dáa àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó dá bàbá lóhùn lórí ìbéèrè wọn gan-an. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń ka àwọn. Sà, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ kà á fún wa.

Ohun tí mò ń sọ ni pé lálẹ́ Sátidé kẹ́ ẹ mú fóònù, kẹ́ ẹ ka orí kìíní síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bíi voice note, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá fẹ́ fojú kà á. Ọ̀sẹ̀ kejì orí kejì. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ní 1929 I.B. Thomas ń tẹ ìtàn jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àwọn òǹkàwé ń retí ẹ̀, ìgbà tó wá di ìwé ní 1930 wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Fóònù ni ìwé ìròyìn tiwa.

Ẹ wá wo bí WhatsApp ṣe pín sí. Gúrúùpù lè gba èèyàn 1024 àmọ́ gbogbo ayé ló máa máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ máa jí bá àdúrà 40, ìpolówó ilẹ̀ àti àwòrán òkú. Tẹ́ ẹ bá ti gúrúùpù pa kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀, ó dáa díẹ̀. Channel wà, èrò tó wà níbẹ̀ ò ní rí nọ́ńbà ara wọn, àmọ́ ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ fún yín ni broadcast. Ẹ máa to orúkọ èèyàn jọ, kò gbọdọ̀ ju 256 lọ nínú àtòkọ kan, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, oníkálukú á rí i bíi pé òun nìkan lẹ fi ránṣẹ́ sí, èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ ò ní rí i gbà ṣá. Ìyẹn gan-an ló dáa nínú ẹ̀, torí ẹni tó bá fi pamọ́, ó fẹ́ gbọ́ yín ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
O ṣeun ọmọ mi. Èyí wọ̀ mí létí. Àmọ́ èèyàn 256, níbo ni kí n ti rí wọn? Àwọn ẹgbẹ́ mi, ìdajì ti sùn, ìdajì tó kù ojú ò ríran.

Ìyá Ìbejì, Apákẹ́:
Bàbá, tíṣà ọdún 33! Ṣé ẹ ò ní rẹ́jístà nílé ni?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ní díẹ̀ o. Kò yẹ kó wà lọ́wọ́ mi ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà mí. Mo na ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìyá Ìbejì, Apákẹ́:
Àwọn tẹ́ ẹ nà yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ rà á. Èmi ń ta àdìrẹ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí èèyàn kọ́kọ́ ń tà fún ni ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ wá akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní gúrúùpù tiẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ohùn yín síbẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ kó sì fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má dárúkọ títà rárá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì tún rò ó, ta ni ò ní ẹni tó bọ̀ láti Ghana nínú agbo ilé ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí? Ìyá ọkọ mi bọ̀ láti Kumasi ní ọdún náà. Kò mọ̀wé, àmọ́ etí ẹ̀ pé. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ò lè ka ìwé yín láéláé, ó sì lè gbọ́ ọ.

Ìyá Dáre, Manchester:
Màmá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ 👏 àwa tá a wà lókè òkun náà máa gbà á fún àwọn òbí wa

Atẹ̀wé Tàkíé:
Tó bá wá di ti owó, ẹ jẹ́ kó wọ àkáǹtì tiyín tààrà, kó má gba ọwọ́ ọmọ ọmọ lọ. Ẹ má sì gbé ìwé fún ẹnikẹ́ni torí pé ó fi àlàáàtì hàn yín lórí fóònù tiẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá rí i nínú àkáǹtì yín. Ìwé tẹ́ ẹ bá gbé sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ kó fún wọn sínú nóòtù kí wọ́n buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ máa padà lọ lóṣooṣù. Tíṣà mọ rẹ́jístà máàkì, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Sábó:
PDF ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá tà á fún ẹnì kan ṣoṣo gbogbo ìlú ló máa ní i lọ́la

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G:
Òótọ́ ni, kò sí ọgbọ́n tó lè dí i tán. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe ni pé ó ń kọ orúkọ ẹni tó rà á sójú ìwé àkọ́kọ́ kó tó fi ránṣẹ́, «ti Ìyá Báyìí ni o», ojú máa ń ti èèyàn láti pín ohun tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀. Selar náà wà tẹ́ ẹ lè fi tà á ní náírà láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e sí, kí fáìlì wà lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ẹlòmíràn kan, torí Okadabooks tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n fi ń ta ìwé orí fóònù, 2013 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di òpin oṣù kọkànlá 2023 ó ti kógbá sílé.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀, ó ti tó oṣù méjì. Mo ti ka orí mẹ́sàn-án. Ti àkọ́kọ́, àkùkọ aládùúgbò kọ sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ tún un kà, ọmọ ọmọ mi ní kí n fi sílẹ̀. Èèyàn 61 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di 188 báyìí, mo kọ orúkọ gbogbo wọn sínú nóòtù, mo fa ìlà sí i bíi rẹ́jístà, ẹni tó bá fèsì lọ́sẹ̀ yẹn mo fi àmì sí i, ẹni tí kò bá fèsì mo fi òdo sí i. (Ẹ má sọ fún wọn.) Mo tẹ 50 lọ́dọ̀ atẹ̀wé tó yege lórí Ọ̀ṣọ́, apá kìíní nìkan, 43 ti lọ. Ọmọ kíláàsì 1987 kan tí mo nà nítorí pé ó ń sùn ní kíláàsì, òun ló ra mẹ́wàá.

Òun náà ló kó mi sí wàhálà. Ó pè mí lálẹ́ Mọ́ńdè, ó ní ọkùnrin inú orí kẹfà yẹn, tó fi ìyàwó tó jẹ́ ẹ̀yà Dagomba àti ọmọ méjì sílẹ̀ ní Tamale tó wá ń ṣe bí ẹni tí kò níyàwó rí nígbà tó délé, bàbá òun ni. Mo ní kì í ṣe bàbá ẹ, mi ò mọ bàbá ẹ. Ó ní gbogbo ilé àwọn ló gbọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ pé òun ni. Ó fẹ́ kí n yọ ọ́ kí n tó tẹ apá kejì. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Láíbìrì:
Ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé pé ìtàn àròsọ ni, kò sí ẹni tí ẹ fi pè. Kò ní dá a dúró kó má bínú, àmọ́ ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tàbí àdúgbò ẹ̀ bá ti bàbá yẹn mu, ẹ yí ìyẹn padà, kò ní pa ìtàn lára.

Ìyá Ìbejì, Apákẹ́:
Èmi ò ní yọ ọ́. Ìyá ọkọ mi náà gbọ́ orí kẹfà, wọ́n dárúkọ ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n rò pé òun ni, kò sí èyí tó jọ ẹnì kejì ẹ̀ nínú wọn. Wọ́n pọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọkùnrin náà di télọ̀ dípò oníṣòwò aṣọ, mo sì gbé e kúrò ní àdúgbò wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé mo mọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ méjì yẹn. Mo ní mi ò tíì kọ ọ́ débẹ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G:
Chai.

Ìyá Ìbejì, Apákẹ́:
Bàbá, ẹ má bínú, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ n sinmi. Wọ́n ní kí n bi yín, màmá tó ń ta ìrẹsì tí wọ́n já sílẹ̀ ní bọ́dà Dahomey (Benin òde òní) nínú orí kẹsàn-án, ṣé ó padà rí lọ́rì mìíràn wọ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀pà ló ń tà, kì í ṣe ìrẹsì. Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́.